Ike Tí Kò Ṣe É Tú

Ní àwọn ọdún 1970, èmi ni mo ń di ìwé ní ọ́fíìsì wa ní Òṣogbo. Ẹ̀rọ tí mo fi ń dì í á lu ihò sí etí ìwé. A ó fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú, òmíràn sẹ́yìn, ooru á sì yọ́ wọn pọ̀. Lẹ́yìn èyí, kò ṣe é tú mọ́, àfi kí a fi ọ̀bẹ gé e. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbé ìwé lọ fún ọ̀gá wò kí n tó tẹ ẹ̀rọ.

Lọ́dún kan, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Iléṣà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tí a sì jọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, ni ó to àwọn ojú ìwé ìròyìn ọdọọdún ọ́fíìsì wa jọ. Ó ní, “Ìwọ yìí, o fura jù. Ọ̀gá ti wò ó. Dì í jàre, kíláàsì ń dúró dè wá.” Mo gbà á gbọ́, mo sì di gbogbo rẹ̀.

Ojú ìwé kan dorí kodò nínú gbogbo ẹ̀dà. Nígbà tí ọ̀gá pè wá, mo fi àlàyé sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, “Mo ní kó dúró, sà. Kò gbọ́.”

Ọ̀gá ní kí n tún gbogbo rẹ̀ dì. Ó sì fagi lé àyè tí ó fún mi láti máa tètè lọ sí kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ìdánwò wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo ti ń gé ike, ọ̀rẹ́ mi gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní, “Ṣé kí n bá ọ kọ ohun tí tíṣà bá sọ sílẹ̀?”

Mo wo ojú rẹ̀ títí. Kò tilẹ̀ tijú. Mo ní kó máa lọ.