Jagunjagun Tó Fún Ọmọ Lọ́mú

Bí ẹ bá pàdé àgbàlagbà kan láàrin Akínyẹlé sí Ṣáṣá tó ní òun mọ ẹni tó mọ òkìtì í ta jù mí lọ, ẹ bá mi bi í bóyá ojú ń dùn ún. Èmi ni mo tàkìtì fo akọ màlúù tòun tìwo rẹ̀, tèmi ti agọ̀ egúngún lára, tí ìṣẹ́tí agọ̀ náà kò sì kan irun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó rí i kò tíì kú tán.

Ohun kan ṣoṣo tó burú nínú iṣẹ́ òṣèré abẹ́ agọ̀ ni pé ẹni tó ṣe é kò gbọdọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Ará ọ̀run ló jó, kì í ṣe èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni a ní kí obìnrin àti ọmọdé máa gbà á. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Bí mo bá ń lọ nínú aṣọ oko mi, àwọn obìnrin a máa wo ẹsẹ̀ mi, wọn a sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ara wọn. Bí kòtò kan bá wà níwájú tí mo lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, n kò ní í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N óò fò ó, n óò sì balẹ̀ bí ológbò, kí ẹni tó ń wò lè rí nǹkan rò délé.

Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀. Irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n mi kí n tó lọ jókòó ti katikíìsì lábẹ́ igi. Mo kọ́ ábídí títí mo fi lè kọ ohun tó bá wà nínú mi, mo sì dìde. Ó ní kí n dúró kọ́ ìyókù. Mo ní ẹni tó ti mọ ìrìn í rìn, kí ló tún ń kọ́? Nítorí náà bí ẹ bá kan àṣìkọ níhìn-ín, ẹ fò ó bí mo ti ń fo kòtò. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni eré kan tí mo dá sílẹ̀, tí àwọn èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín káàkiri títí di òní, bí ẹni pé nítorí ẹ̀rín ni mo ṣe dá a.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, kò sí ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí Ìbàdàn kò lọ sógun. Àwọn olórí ogun ní oko ńláńlá káàkiri ẹ̀yìn ìlú, àwọn tí wọ́n sì kó lógun ló ń kọ ebè níbẹ̀. Ìlú ń jẹun, inú ìlú ń dùn. Ẹni tó gbin iṣu tí ìlú ń jẹ, ọmọ onílé lòun náà jẹ́ ní ìlú tirẹ̀ kí wọ́n tó fi okùn fà á wá. Àwa òṣèré a máa ti oko kan dé òmíràn lákòókò ọdún egúngún, àwọn ẹrú ló sì ń fún wa lómi, nítorí náà a mọ ohun tí àwọn ará ilé kò mọ̀.

Oko kan wà lójú ọ̀nà Ìwó. Bí oòrùn bá ti yí, àsìkò ẹrú ni. A máa ń fi í sílẹ̀ kó lọ ro oko kékeré tirẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olórí oko yẹn kò jẹ́. Ó ń dá wọn dúró sórí ebè títí ojú kò fi ríran mọ́. Ta ni wọn yóò lọ bá? Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo fi osùn kun igbá kan títí ó fi pupa, mo ní oòrùn nìyí. Mo dé fìlà ńlá bíi ti olórí oko. Nígbàkigbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, n óò gbá a mú, n óò fi í sábẹ́ fìlà, n óò ní, "Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni." Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn obìnrin tó bá ń ti odò bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá kan olórí oko, wọn a kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Kò fara dà á. Ó dá àsìkò àwọn èèyàn náà padà fún wọn.

Kí ni ó lè ṣe fún mi? A kì í lu egúngún. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tí a bá fi ṣe eré, òfin ẹgbẹ́ wa sì ni láti ìgbà àwọn baba wa. Bí onítọ̀hún bá bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ níwájú èrò, tó dà á bo egúngún, tí egúngún sì fi jó, ó ti ra eré náà. Tirẹ̀ ni. A kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ránṣẹ́ pè wá. Àwọn baba wa fi èyí lélẹ̀ kí ẹni tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè rí ibi gbà yọ, kó má baà di ọ̀tá. Olórí oko ọ̀nà Ìwó kò mọ òfin náà. Bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò tó bo adìẹ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a dé oko olórí ogun kan nítòsí Akínyẹlé. Obìnrin kan ló ń pọnmi wá fún wa létí igbó tí a ń palẹ̀ mọ́ sí, ó pọn ọmọbìnrin kékeré sẹ́yìn. Ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ti kó o wá. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ń pa àwọn èwe ẹgbẹ́ wa lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó sọ ìkòkò kalẹ̀, kò lọ. Ó ní olórí ogun ló ni ọmọ ẹ̀yìn òun, pé olórí ogun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ níwájú èèyàn. Àwọn Ìjẹ̀bú tó ń ta ẹ̀tù ìbọn ti dé, ogun ń bọ̀, ẹ̀tù kò sì tó. Bí ọdún bá ti parí wọn yóò kó àwọn kan lọ fi gba ẹ̀tù, òun sì wà lára wọn.

Mo ní irọ́ ni. Ẹrú tó bá ti bímọ fún olúwa rẹ̀, ìyá ọmọ ni, a kì í tà á. Ọmọdé mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ ni ti ilé. Èmi, àlejò ni mí." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ nípa oòrùn abẹ́ fìlà."

Mo ní ará ọ̀run ló ṣe ìyẹn, kì í ṣe èmi.

"Ẹ bá mi sọ fún ará ọ̀run náà, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ tiyín."

Orí mi wú. Mo sọ fún un pé kó lọ dáná rẹ̀, kó má sunkún, pé kí ọdún ó tó parí, ojú yóò ti ọkọ rẹ̀ débi tí yóò wá fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Bàbá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa, òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́, kò fẹ́ ẹ. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ oko ni mo bá ṣeré lọ́jọ́sí, pé ẹni tó ń jẹ ogun lèyí. Mo ní kí ó fi mí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló ń bọ́ gbogbo wọn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀.

Eré náà rèé. Mo jáde bíi jagunjagun, mo fi igi ọkà ṣe ìbọn, mo so àdó ẹ̀tù kọ́rùn, mo sì fi ọ̀já pọn ọmọ tí a fi igi gbẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wa ń ké bí ìkókó. Mo rẹ ọmọ, ọmọ kò dákẹ́. Mo fi ìbọn hàn án, kò dákẹ́. Mo fi okùn tí mo fi ń mú ẹrú hàn án, igbe ló tún bọ́ sí. Ni mo bá jókòó, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo fi àdó ẹ̀tù sí àyà mi bí ọmú, mo sì fi í sí ọmọ lẹ́nu. Èédú tí mo lọ̀ sínú àdó náà bo gbogbo ojú ọmọ. Àwọn elégbè wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí, mo ń dáhùn:

"Ta lo tà lọ́jà?"
"Ìyá ọmọ ni."
"Kí lo rà bọ̀?"
"Ẹ̀tù ìbọn ni."
"Kí lọmọ ń mu?"

Mo bojú wo inú àdó. Mo bojú wo ojú ọmọ. Mo dákẹ́. Àwọn èrò fúnra wọn ló wá dá a lóhùn: "Ìyá rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín bẹ́ bí ààrá. Àwọn èèyàn ń ṣubú lura wọn. Láti ojú ihò agọ̀ ni mo ti rí obìnrin náà láàrin àwọn tó ń dáná. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo olórí ogun.

Olórí ogun jókòó lábẹ́ igi ọdán pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le. Àwọn ọmọ ogun ń wò ó kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò fi ojú tiwọn ṣe. Mo ní nínú mi pé ojú ti ń tì í. Àfi bí ọkùnrin náà ti bú sẹ́rìn-ín, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó bọ́ agbádá sányán ọrùn rẹ̀, ó rìn wá láàrin èrò, ó sì fi í bò mí.

Ó ní, "Ará ọ̀run, eré yìí dùn. Mo rà á."

Ó mọ òfin. N kò mọ̀ pé ó mọ òfin.

Egúngún tó bá gbọn aṣọ náà dànù ti kọ̀ ọ́. Eré ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè máa ṣe é lọ láti oko dé oko. Mo fẹ́ gbọ̀n ọ́n dànù. Mo ti gbọn èjìká kan, aṣọ náà ti ń yọ̀, ni olórí ẹgbẹ́ wa bá kó sí ẹ̀yìn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ mú mọ́ mi lára, ó sì ń jó. Ijó ni èrò pè é. Mo jà lábẹ́ aṣọ náà, ìjàkadì mi sì jọ ijó lójú gbogbo wọn. Wọ́n ní n kò jó báyẹn rí.

Nígbà tí a padà sínú igbó, mo bú u bí ọmọ kì í ti í bú baba. Kò bínú. Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi gbogbo wa gba ẹ̀tù ni?"

Ó ti kú báyìí.

Nígbà tí ọdún parí, àwọn Ìjẹ̀bú kó àwọn èèyàn wọn kọjá níbi tí a ti ń di ẹrù. Okùn so wọ́n pọ̀, obìnrin náà sì wà láàrin. Kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé yóò wò mí lójú, mo ti ń wá ohun tí n óò wí. Kò wò mí lójú. Ẹsẹ̀ mi ló wò, títí ó fi kọjá.

Láti ìgbà náà, bí olórí ogun bá ní àlejò, yóò ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ wa kí wọ́n wá ṣe jagunjagun tó fún ọmọ lọ́mú. Yóò máa fi ọwọ́ tọ́ àlejò, yóò ní, "Èmi nìyẹn o." Wọ́n á ní ẹ wo èèyàn rere, ẹni tó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kọ̀, n kò ṣe é. Mo ní orúnkún ń dùn mí, orúnkún tí kò dùn mí rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, aláìmọ̀kan tó ń di ọmọ náà mú bí ẹni di ẹran ìgbẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi kúrò láàrin wọn, mo gbájú mọ́ oko mi.

Ṣùgbọ́n aṣọ sányán kò bo ọmọdé. Òfin ẹgbẹ́ wa kò dè wọ́n. Wọ́n ń fi ṣùkù àgbàdo ṣe ọmọ, wọ́n ń fi pòpòrò ọkà ṣe ìbọn, eré mi sì ti ẹ̀yìn wọn dé oko tí ẹsẹ̀ wa kò dé. Wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin kan ní ìhà Ẹgbẹ́dá ti fẹ́ ta ìyá ọmọ rẹ̀. Ó ti oko dé, ó bá àwọn ọmọ ilé tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà, tí oníkálùkù wọn gbé ṣùkù mọ́ àyà tó ń wò ó. Kò ta obìnrin náà mọ́. Èmi ni mo gbà á là, ẹnikẹ́ni tó bá ní kì í ṣe èmi ń ṣe ìlara. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí mo bá ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n pọ̀.

Ní àìpẹ́ yìí mo lọ wá èbù iṣu sí Akínyẹlé. Àwọn ọmọ kan ń ṣe eré náà lábẹ́ ọdán. Ọmọbìnrin kan tí ọmú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ láyà rẹ̀ ló ń ṣe jagunjagun. N kì í yin ẹlòmíràn, ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe. Bó ti fi ọwọ́ gbé orí ṣùkù náà ró, bó ti bojú wo inú àdó tó dákẹ́, bí mo ti ṣe é gan-an ni. Ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Mo bi ìyá arúgbó tó fẹ́ ta èbù fún mi pé ọmọ ta ni. Ó ní ọmọ ilé olórí ogun ni. Mo ní ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní wọ́n ní ìyá rẹ̀ re àjò nígbà tó wà ní kékeré.

Ọmọ náà ti ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó wá, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é."

Láti ìgbà tí mo ti di gìrìpá, kò sí ẹni tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí tí n kì í fi ẹ̀rín músẹ́ dá lóhùn, kó lè mọ̀ láìjẹ́ pé mo sọ.

Mo ní, "Kì í ṣe èmi. Ará ọ̀run kan ni."

Ó tún bi mí: "Ìyá ọmọ náà ńkọ́, bàbá? A kì í rí ẹni tó ń ṣe é."

Mo ní kò sí nínú eré náà. Ó ní ó ṣeun, ó sì sáré padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo gbé èbù mi lérí. Kòtò kan wà níbi tí ọ̀nà ti ya kúrò lábẹ́ ọdán náà, àwọn ọmọ sì ń wò mí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.