Ilé Tí A Kàn Ṣí Wọlé

Mo rántí ìgbà tí òórùn ọ̀dà tuntun gba gbogbo àdúgbò wa ní Ìlá, tí mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọba. Ìbàdàn ni mo ti ń tún fóònù ṣe nígbà náà. Ìwé mi ò jìnnà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn oníbàárà mi: tọ́ọ̀nkíì. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́lé bẹ́ẹ̀ kì í ra yanrìn, kì í pọn omi. Agbaṣẹ́ṣe ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀ parí, kọ́kọ́rọ́ ni onílé yóò kàn gbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo ní kí wọ́n wó ilé alámọ̀ bàbá wa tó ti di olóògbé, kí wọ́n kọ́ tuntun sójú ibẹ̀. Mo wá gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀rà.

Ó ní, "Jẹ́ kí n máa wá yọjú sí wọn."

Mo ní, "Màámi, ẹ sinmi jàre. Ẹ ṣáà ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wọlé."

Àwọn àgbà ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè, n ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè.

Lọ́jọ́ tí ilé parí, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn aládùúgbò ń pariwo, "Ìyá onílé! Ẹ má gbàgbé wa o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ pálọ̀, ó wọ yàrá, ó tún padà sí pálọ̀. Ló bá dúró.

"Níbo lẹ gbé bàbá yín sí?"

Inú yàrá tí bàbá ń sùn la sin ín sí, bí a ṣe máa ń sin àgbà nílùú wa. Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bò ó.

Agbaṣẹ́ṣe tó mú kọ́kọ́rọ́ wá ní, "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún wa. Katakátá la fi gbá ilẹ̀."

Ìyá mi ò bú mi. Ó kàn ní, "Èmi ì bá fi hàn wọ́n."

Inú ilé náà ló ń gbé báyìí. Ìta ló ń bọ́ bàtà sí, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn káàkiri, jẹ́jẹ́, torí kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí. Àwọn àlejò á ní, "Màmá yìí mà fẹ́ràn ìmọ́tótó o!" Á rẹ́rìn-ín, kò ní ṣàlàyé. Tí mo bá délé, èmi náà á bọ́ tèmi, màá tò ó ti tirẹ̀.