Ọjọ́ Tí Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Gbogbo Ènìyàn Pòórá

Obìnrin náà ti pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá débi pé Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ni tọmọdé-tàgbà ń pè é. Òun ló ń wọn ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, òun náà ló ń tẹ ìwọ̀n ọ̀hún sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ó mọ ètò àtijọ́ tó ń tọ́jú ìwọ̀n lórí rẹ̀ bí ẹní mọ ilé ìdáná ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ṣí i. Funfun báláú! Kò sí orúkọ, kò sí ìwọ̀n. Ó pa á, ó tún un ṣí. Bákan náà ni.

"Yéè! Mo gbé! Gbogbo èèyàn wa ti lọ!"

Agbẹ́sẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹsẹ̀ láti ara igi, sáré wọlé láti yàrá kejì, eruku igi bò ó lójú. Ó ti rò pé ẹnìkan ló kú.

Ohun tó dá kún un ni pé tíṣà àgbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ là sí méjì, ibi tí wọ́n gé sì wú bọ̀ǹbọ̀. Ẹsẹ̀ tó wú kò ṣeé wọ̀n. Ìwọ̀n tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n lè fi gbẹ́ òmíràn fún un.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ pe àbúrò rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọmọ tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n dàgbà. Nígbà tí onítọ̀hún dé, òógùn ti bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Ètò tuntun tí mo fi sí i lọ́jọ́ Sátidé fún ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀, ó ní kí n yọ dírẹ́bà àtijọ́ kúrò ná. Mo bá yọ ọ́."

"Dírẹ́bà kẹ̀? Ta ló ń wa kọ̀ǹpútà mi?"

Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ohun tó ń lọ kó ìwọ̀n wá fún ètò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n wà níbi tó wà, ẹni tí yóò kó wọn wá ni kò sí mọ́. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó kàn ń wò ó bí ẹní wo àjèjì.

Àbúrò kọ́kọ́ da gbogbo ìwọ̀n kọ síbòmíràn kí ohunkóhun má baà ṣe wọ́n, ó wá dá dírẹ́bà àtijọ́ padà. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Wọ́n ti dé! Ẹ wò wọ́n o!"

Ẹnu Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ kò tíì padé tí agbẹ́sẹ̀ fi kígbe láti yàrá kejì pé, "Ẹ̀rọ mi ti dákẹ́ o! Kò gbọ́ tèmi mọ́!"

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ káwọ́ lérí. "Ṣé wọn ò lè jọ gbé ni?"

"Wọn ò lè jọ gbé, ẹ̀gbọ́n mi. Ti ètò ńlá ni dírẹ́bà tuntun, ti ètò kékeré ni ti àtijọ́. Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á jáde."

Àbúrò fọwọ́ lẹ́rán, ó ń ronú. Lójijì ló fò dìde. Oríṣi méjì ni àwọn tó ṣe ètò tuntun náà ṣe é, ńlá àti kékeré. Òun ló lọ mú ńlá torí pé kọ̀ǹpútà náà lágbára. Ó yọ ńlá kúrò, ó fi kékeré sí i. Ètò méjèèjì wá ń lo dírẹ́bà àtijọ́ kan náà. Ẹ̀rọ bú ramúramù ní yàrá kejì, àwọn orúkọ sì wà lójú kọ̀ǹpútà síbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fi ìka tọ ìwọ̀n tíṣà, ó ń kà á sókè fún agbẹ́sẹ̀. Nígbà tí wíwú ẹsẹ̀ tíṣà fi máa lọ sílẹ̀, èyí tuntun ti wà nílẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó pè é padà.

"O ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Jókòó."