Ojú Bàbá Rìnsọ́lá Lára Ògiri

Bàbá Rìnsọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ó tọ́ mi dàgbà láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Fíríìjì ni ó ń tún ṣe ní Turffontein, ní ìlú Johannesburg, nínú gáréèjì ilé tí ó háyà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń sọ pé kì í bínú. Irọ́ ni. Ó máa ń bínú, ṣùgbọ́n bí inú bá ti bí i, irinṣẹ́ rẹ̀ ni á máa nù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn yóò fi máa dán. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, á wọ sùtánà funfun, á sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Abàjà mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti kọ ilà náà fún un, kí ó tó máa rákòrò. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bàbá òun ní kí olóòlà kọ ọ́ kí ó jinlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí òun, ibi yòówù kí òun rìn dé, lè mọ ilé tí òun ti jáde. Nígbà tí wọ́n fi bí èmi, ìdílé wa kò kọ ilà mọ́.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Magdalene gbé fíríìjì wá fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun ya ojú rẹ̀. Sátidé mẹ́fà ni bàbá fi jókòó fún un. Magdalene kò béèrè ohunkóhun nípa ilà. Ó ní ohun tí ojú òun bá rí ni òun máa ń yà. Àwòrán náà gba ẹ̀bùn kejì nínú ìdíje àwòrán ojú ènìyàn. Wọ́n kó gbogbo àwòrán tó gba ẹ̀bùn jọ láti máa pàtẹ wọn káàkiri: Johannesburg lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Durban, lẹ́yìn náà Cape Town.

Braamfontein, ní Johannesburg kan náà, ni ìpàtẹ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò jìnnà sí yunifásítì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní lítíréṣọ̀. Bàbá sọ fún mi pé òun àti Magdalene yóò débẹ̀ ní aago mẹ́rin. Aago mẹ́ta ni èmi bá àwọn olùkọ́ méjì láti ẹ̀ka wa lọ. Mo rò pé a ó ti kúrò kí ó tó dé. N kò sọ fún wọn pé mo mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Àwòrán náà ga tó ilẹ̀kùn, ó sì dára. Magdalene ya àwọn ilà náà bí poro oko. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà tẹ̀ síwájú.

“Eish, ṣé fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ha ọkùnrin yìí lójú?”

Èkejì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni Damaris, obìnrin tó ń bójú tó ìpàtẹ náà, ti bá wa. Ó ń kó ọ̀rọ̀ ṣókí jọ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan fún ìrìn àjò náà. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, ó bi mí bóyá mo mọ ohun tó ṣe ọkùnrin náà lójú.

“Ìjàǹbá ọkọ̀,” ni mo wí. “Bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn.”

Bàbá àti Magdalene ti dé ṣáájú àkókò. Nígbà tí mo yíjú, Bàbá Rìnsọ́lá ni mo rí tó dúró lẹ́yìn mi nínú kóòtù tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó Rìnsọ́lá. Magdalene ti yà lọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Inú Damaris dùn láti rí bàbá. Ó bá a kẹ́dùn ìjàǹbá náà, ó sì bi í bóyá òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá wò mí. Kò pẹ́ tó fi wò mí.

“Kò burú, mà,” ni ó wí. “Ó ti pẹ́ tó ṣẹlẹ̀.”

Ó bọ àwọn olùkọ́ méjèèjì lọ́wọ́, ó sì na ọwọ́ sí èmi náà bí ẹni tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ní ilé wa, ọmọ kì í bọ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ dídán yẹn. Ọwọ́ náà ni mo gbà.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ bá Damaris, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ náà, àti pé ní ọjọ́ Ajé ni àwòrán yóò lọ sí Durban. Òun kò lè yí i padà láìsí ìwé: yálà kí bàbá fọwọ́ sí i pé òun ṣì í sọ, tàbí kí èmi kọ lẹ́tà pé mo parọ́. Mo mọ̀ pé lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yóò dé ọwọ́ olórí ẹ̀ka wa, nítorí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìpàtẹ náà.

Ìwé bàbá ni mo tẹ̀, òun ni mo mú lọ sí Turffontein.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé epo wà nílẹ̀. Mo ròyìn fún un gbogbo ohun tí Damaris sọ. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú òun. Mo kà á láti inú ẹ̀dà tí Damaris fún mi, mo túmọ̀ rẹ̀.

“Ọkọ̀ wo ló gbá mi?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Mo ń bi ọ́ ni. Wọ́n á bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé táksí ni àbí bọ́ọ̀sì?”

Mo na ìwé tí mo tẹ̀ sí i. Ó gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

“Ìwé méjì ni o ní obìnrin yẹn sọ. Tèmi lo mú wá.” Ó dá a padà fún mi. “Fìyìn, ọmọ mi ni ọ́. N kò lè dójú tì ọ́ lójú àwọn ọ̀gá rẹ, ni mo ṣe gbè ọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ sí i pé èmi ni mo gbàgbé ilé tí mo ti jáde.”

Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹ. Irọ́ ni ìyẹn náà.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé àwòrán náà lọ sí Durban. Ọjọ́bọ̀ ni mo tó kọ lẹ́tà tèmi. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni: pé ilà ìdílé wa ni, pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo sọ pé ìjàǹbá ni, pé bàbá mi ni ẹni tó wà nínú àwòrán náà, pé kò parọ́ bí kò ṣe nítorí tèmi. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ́ kí àwọn ará Durban máa ka irọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀.

Olórí ẹ̀ka wa ti ní kí n wá rí òun lọ́la. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù tó bí mo ti rò. Turffontein ni n kò tí ì lè lọ.