Wenzu Refalo àti Ṣọ́ọ̀ṣì Tó Ju Gbogbo Ṣọ́ọ̀ṣì Yúróòpù Lọ

Bí o bá béèrè Wenzu Refalo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní abúlé wa ní Gozo, erékùṣù kékeré kan ní Màlítà, ọ̀rọ̀ Róòmù ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín á sì ti gbà á lẹ́nu kó tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Lọ́dún náà, Dun Mikiel, fadá ìjọ wa, ló kó wa lọ. A wọkọ̀ ojú omi, a wọ bàálù, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wa nínú Bàsílíkà Pétérù Mímọ́. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri fi ilẹ̀ hàn wá. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ayé síbẹ̀, kí èèyàn lè mọ ibi tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mọ bí wọ́n bá gbé e wọnú ti Pétérù Mímọ́. Àwa tó kù wò ó, a mirí, a kọjá. Wenzu dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á lọ títí dé ẹnu ọ̀nà, ó tún kà á bọ̀.

"Kí lò ń wá?" Ċetta ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Tiwa."

"Tiwa wo?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọn ò kọ ọ́ síbí."

Ó lọ bá ẹ̀ṣọ́ kan tó dúró létí òpó. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bójú tó ilẹ̀ yìí? Ẹ fo ẹnì kan."

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, àwọn tó tóbi gan-an nìkan ni wọ́n kọ."

"Ṣé o ti dé Gozo rí?"

"Mi ò débẹ̀ rí, bàbá."

"Ṣé o rí i?" Wenzu ní. Ó yí padà, ó sì ń lọ.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni Wenzu ṣe títí ayé rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí àpò ìyẹ̀fun kì í sì í wọ́n lápò rẹ̀. Ó wá ibi tí èrò kò pọ̀ sí nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìjọ wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kọ ọ́ tán. Ó fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀.

Àwọn ará Pólándì kan ń kọjá. Wọ́n rí bàbá arúgbó kan tó dojú bolẹ̀, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń kérora orúkọ Màríà. Wọ́n ní ẹni mímọ́ ńlá kan ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀ tì í. Òmíràn kúnlẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń tò sẹ́yìn ara wọn, tí wọ́n ń fi aṣọ ìnujú kan ilẹ̀, tí wọ́n ń fẹnu kò ó.

Dun Mikiel gbọ́ pé ibi mímọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí òun kò mọ̀ rí. Ó sáré dé, ó kúnlẹ̀, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó fẹnu ko ilẹ̀. Nígbà tó lajú, orúkọ ìjọ tirẹ̀ ló rí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó máa ń rí lójoojúmọ́ lára pátákó oníbúrẹ́dì.

"Wenzu!"

"Fadá, ẹ rọra," ni Wenzu dá a lóhùn láti ilẹ̀. "Àwọn èèyàn ń gbàdúrà."

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá Wenzu lẹ́bi jù. Àwọn bàbá wa fọwọ́ ara wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, òkúta lórí òkúta, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé láti oko àti òkun. Bàbá Wenzu wà lára àwọn tó ru òkúta. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà rí rìbìtì bí igbá tí a dojú dé, àwọn awakọ̀ ojú omi sì máa ń rí i kí wọ́n tó rí erékùṣù náà fúnra rẹ̀. Ó tóbi ju abúlé wa lọ fíìfíì. Nítorí náà, ibi yòówù tí a bá gbé Wenzu dé ní Yúróòpù, yóò gbójú sókè, yóò wò ó dáadáa, yóò sì ní, "Kò burú. Àmọ́ tiwa…" Kò parí gbólóhùn náà rí. Ó gbà pé ẹni tó bá lójú á parí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Grezzju onígbàjámọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ Wenzu kì í pa lẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ dàgbà ni, ilé wọn kọjú síra, ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ afunfèrè méjì tó ń bára wọn díje, ẹgbẹ́ tí ọ̀kan wà kì í ṣe ti èkejì, ní abúlé wa ìyẹn sì ju ìṣọ̀tá lọ. Grezzju kì í parọ́, kì í sì í fẹ́ kí irọ́ kọjá níwájú òun. Ẹ̀yìn Wenzu gan-an ló máa ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa nírìn àjò ìjọ, kí ọ̀rọ̀ kankan má baà bọ́ mọ́ ọn létí. "Lọ́jọ́ kan," ló máa ń wí, "màá gbọ́ kí ọkùnrin yìí jẹ́wọ́ pé ohun kan wà láyé tó dára ju tiwa lọ. Ọjọ́ yẹn ni màá tó lọ sinmi."

Nígbà tí a dé Písà ní Ítálì, gbogbo èrò ló ń na ọwọ́ síwájú ilé gogoro tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn, kí fọ́tò lè mú wọn bí ẹni tó ń tì í kó má wó. Wenzu kò nawọ́. Ó wo ilé náà, ó wo ìdílé ará Jámánì kan tó tẹ́ aṣọ sórí koríko lápá ibi tó fì sí, tí wọ́n ń jẹun wọn jẹ́jẹ́. Ara rẹ̀ kò gbà á.

"Ẹ dìde níbẹ̀!" ó kígbe. "Ẹ kó oúnjẹ yín bọ́ sí òdìkejì!"

Wọn kò gbédè Màlítà. Wọ́n juwọ́ sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń jẹun lọ. Ni Wenzu bá bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàrà ńlá tó wà láàárín wọn, ó gbé e mọ́yà, ó sì ń lọ sí apá kejì ilé gogoro náà. Kí ni wọn ó ṣe? Wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀ lé oúnjẹ wọn, tìyátọmọ.

Ojú ti Grezzju. "Wenzu, láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ilé yìí ti fì báyìí, kò sì tíì wó!"

"Á ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn," Wenzu ní.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di Lúúdù ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wẹ omi mímọ́ fún ìwòsàn. Wenzu wọ inú omi mímọ́ náà nítorí orúnkún rẹ̀, igbe òtútù tó ké sì mú kí àwọn aláìsàn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ máa wo ara wọn lójú. Nígbà tí a padà délé, kò sí ẹni tó wá ra búrẹ́dì tí kò gbọ́ ìtàn ìwòsàn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó ní ìrora náà dín kù. Lọ́sẹ̀ kejì, ìmọ́lẹ̀ kan tàn lójú omi. Kí oṣù tó parí, bíṣọ́ọ̀bù méjì ló gbé e jáde. Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń tiro.

"Dúró ná," Grezzju ní. "O ṣì ń tiro."

"Ẹsẹ̀ òsì nìyí. Ọ̀tún ni mo gbé lọ sí Lúúdù."

Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ títí ojú Ċetta fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìkùukùu, lẹ́yìn náà ó wá ń nípọn sí i. Dókítà ní Valletta, olú ìlú Màlítà, sọ pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe ju pé kí wọ́n máa ṣe sùúrù lọ. Ċetta kò sunkún lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dun Mikiel kéde pé Párísì ló kàn, ó ní òun ò lọ.

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò?" ló bi ọkọ rẹ̀.

Wenzu ń po ìyẹ̀fun, kò gbójú sókè. "Èmi lójú," ó ní, "ìwọ létí. Fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Òwúrọ̀ títí dé alẹ́ ni ẹnu rẹ̀ kò sinmi nínú bọ́ọ̀sì. Ċetta jókòó pẹ̀lú búrẹ́dì tó fi tòmátò àti òróró ólífì pa lórí itan, ó ń tẹ́tí. Wenzu ní àwọn òkè tí à ń kọjá ga tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùpá fi há sí ọ̀kan. Ó ní àwọn màlúù ibẹ̀ ń dé fìlà nítorí òtútù.

Grezzju fò dìde lẹ́yìn wọn. "Màlúù wo ló dé fìlà? Màlúù wo?"

"Grezzju, ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? O lójú, máa wo tìẹ."

Ċetta ń rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí a ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ní Párísì, wọ́n mú wa lọ sí ilé ìjọsìn kékeré kan tí ọba Faransé àtijọ́ kan kọ́ fún ara rẹ̀. Àtẹ̀gùn tóóró kan tó ń lọ́ yíká ni èèyàn ń gbà gòkè. Wenzu wà níwájú, ó di Ċetta lọ́wọ́ mú, ó ń pe àtẹ̀gùn fún un. Nígbà tó yọrí sókè, ó dákẹ́. Wenzu dákẹ́!

Ċetta dúró, ó dúró. "Wenzu? Ṣé ògiri la kọjú sí ni?"

"Kò sí ògiri níbí."

"Kí ló wá wà?"

"Gíláàsì ni gbogbo rẹ̀, Ċetta. Láti ilẹ̀ títí dé òkè. Pupa ibẹ̀ rí bí ẹ̀yinná nígbà tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ààrò kílẹ̀ tó mọ́. Aró ibẹ̀ rí bí òkun ní etíkun Ramla lọ́dọ̀ wa, níbi tó ti jìn. Òmíràn wà tó pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì tó jinná gẹ́lẹ́, tí kò tíì jóná." Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sínú oòrùn. "Aró ló wà lọ́wọ́ rẹ báyìí. Sún un síbí. Ó ti di pupa."

Ċetta ń yí ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wọn aṣọ. A ti pé yí wọn ká, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri pàápàá ti pa ẹnu tirẹ̀ dé.

"Má parọ́ fún mi o," Ċetta ní. "Ṣé ó dára ju tiwa lọ?"

Gbogbo wa wo Grezzju. Ó dúró lẹ́yìn Wenzu gan-an, níbi tó ti ń dúró láti ogún ọdún. Wenzu wo òkè, ó wo bàtà rẹ̀.

"Ó dára ju tiwa lọ," ó ní.

Grezzju yọ awò ojú rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Nígbà tí a padà sínú bọ́ọ̀sì, ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, ó ní, "O ò sọ nǹkan kan?"

"Nípa kí ni?" Grezzju dáhùn. "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Wenzu kú ní oṣù kìíní, lẹ́yìn ọdún méjì. Ó ti yọ búrẹ́dì àárọ̀ tán, ó jókòó sórí àga kó sinmi díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Grezzju ní òun lòun máa fá irùngbọ̀n rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá. Àwa tó wà ní pálọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú, tó ń bá òkú náà jiyàn lórí màlúù. Ó pẹ́ kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Nígbà tí ìjọ tún ń lọ sí ìrìn àjò, ó di Básílónà ní ilẹ̀ Sípéènì, a sì bẹ Ċetta títí ó fi gbà. Àwa la ń gbà á ṣe láàárín ara wa láti máa sọ ohun tí à ń rí fún un. Grezzju ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, èyí tí wọn ò tíì kọ́ tán láti ayé àwọn bàbá wa.

"Ó ga," Grezzju ní.

"Ga bíi kí ni?"

Grezzju ronú. "Ó ga gan-an. Òkúta ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé òkúta wà lókè rẹ̀."

Ċetta mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀ jẹ́jẹ́. "O ṣeun, Grezzju. Gbogbo yín lẹ ń gbìyànjú. Àmọ́ òótọ́ yín ti pọ̀ jù."

Grezzju wo òkè, etí rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó wẹ̀yìn bóyá Dun Mikiel wà nítòsí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí etí Ċetta.

"Mi ò fẹ́ kó o pariwo o," ó ní, "onígbàjámọ̀ kan wà lókè ilé gogoro yẹn. Ó ń fá irùngbọ̀n áńgẹ́lì."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ċetta, ó di apá rẹ̀ mú. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Áńgẹ́lì náà ńkọ́, ṣé ó jókòó jẹ́jẹ́?"