Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Tí Ẹyẹ Fẹnu Ṣá

Verna Polkinghorne fi ìka kan ahọ́n, ó sì fi ìka náà tẹ ara ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ibi tó tẹ̀ jinlẹ̀ ní àwọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó ń wò ó. Itọ́ náà ń gbẹ láti etí wá sí àárín, títí àwọ̀ náà fi padà di ògbólógbòó. Ó tún fi ìka kan ahọ́n, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Mọ́tò lò ń tọ́ wò ni àbí ọbẹ̀?" Garth, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, béèrè láti ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ̀.

"Lọ jókòó."

"Ṣé iyọ̀ kò jù?"

"Garth, mo ní kí o lọ jókòó."

Holden ni ọkọ̀ náà. Bàbá wọn, Hedley, ló rà á nígbà tí Verna ṣì ń rá kòrò, ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ sì ni ọ̀dà tí wọ́n fi bí i. Àwọ̀ náà kì í ṣe ewé, kì í ṣe eérú. Ẹ̀yìn ewé igi gọ́ọ̀mù ló jọ. Lókè ilẹ̀kùn awakọ̀, ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ níbi tí Bàbá máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tó bá ń lọ pẹja ní etíkun Moonta. Ikú ti mú Bàbá lọ tipẹ́. Àwọn ọmọ méjèèjì ló ni ọkọ̀ náà báyìí, kò sì sí ohun kan nípa rẹ̀ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí rí.

Ẹyẹ ló wá dá ìjà tuntun sílẹ̀. Ẹyẹ kan tó máa ń fi amọ̀ kọ́ ìtẹ́, dúdú-òun-funfun, tí kò tó ẹyẹlé, rí ara rẹ̀ nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó rò pé ọkùnrin mìíràn ló wá gba ìyàwó òun. Ó bá a jà. Nígbà tí kò rí i mú nínú dígí, ó wá a lọ sára ilẹ̀kùn tó ń dán. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti fẹnu ṣá ilẹ̀kùn náà lókè nílẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn da ata lílọ̀ sí i lára. Àwọ̀ pupa ìsàlẹ̀ ń yọjú níbi gbogbo.

"Ó tán," ni Garth wí lọ́jọ́ náà. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fín ọ̀dà ní Kadina. Wọ́n á họ ọ́ kanlẹ̀, wọ́n á fín in tuntun. Ojú ń tì mí láti máa wà á láàárín ọkọ̀ àwọn ènìyàn."

"Wọ́n á họ Bàbá dànù nìyẹn."

"Bàbá wà ní ibojì. Ọ̀dà ni mo ń sọ."

Verna wo ibi ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Tí mo bá tún un ṣe, tí o kò rí ojú ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú tèmi yìí?" Garth fọwọ́ gbá àyà. Iṣẹ́ atọ́nà ọkọ̀ òkun ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní èbúté Wallaroo. "Ojú tó ń rí ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó rí ilẹ̀?"

"Ojú yẹn náà."

Wọ́n bá ṣe àdéhùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, kí ọkọ̀ àtijọ́ gbogbo tó tò fún ìwọ́de àjọ̀dún, Garth á wo ilẹ̀kùn náà nínú oòrùn títí á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni á nàka. Tó bá nàka síbi tí Verna tún ṣe, ọkọ̀ di ti Kadina. Tó bá ṣìnà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀dà náà mọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá wà láyé. Wọ́n sì fi pásítì lé e, nítorí nílé Polkinghorne, àdéhùn tí kò ní oúnjẹ nínú, ọ̀rọ̀ lásán ni. Mísìs Oates, aládùúgbò wọn, ló máa ń yan pásítì fún wọn lọ́jọ́ ìwọ́de, ẹran àti ọ̀dùnkún nínú ìyẹ̀fun, tí á sì fi ìyẹ̀fun kọ lẹ́tà orúkọ oníkálukú sí igun tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá pàdánù á fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Orúkọ ni Verna ń kọ sí iwájú ọkọ̀ apẹja kó tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ apẹja, àwọ̀ tó bá wu ènìyàn ló ń lò. Níbí, àwọ̀ kan péré ló tọ́ ní gbogbo ayé. Garth ti ra agolo ọ̀dà kan tí orúkọ rẹ̀ bá ti ọkọ̀ náà mu. Verna ṣí i, ó fi wé inú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, níbi tí oòrùn kò dé rí. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó fi wé ilẹ̀kùn. Ó jìnnà sí i bí ọmọ titun sí arúgbó. Àwọ̀ ọjọ́ ìbí nìyẹn. Àwọ̀ òní ló ń wá.

Ó wa ọkọ̀ náà sábẹ́ igi ńlá ẹ̀yìnkùlé, níbi tó tutù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò. Funfun díẹ̀. Dúdú, ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́. Ó kán an sórí ìdérí agolo, ó dúró kó gbẹ, nítorí ọ̀dà tútù kì í sọ òtítọ́. Ó tún pò. Ó tún dúró. Nígbà tó yá, ó gbé ìdérí náà mọ́ ilẹ̀kùn, kò sì rí ibi tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

"Ó bọ́ sí i!" ó kígbe. "Mísìs Oates! Ẹ wá wò ó!"

Mísìs Oates gun orí àpótí, ó yọ orí lókè ọgbà. "Ẹ̀n-ẹ́n, Verna! Ibo ló wà?"

"Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi mí gan-an nìyẹn!"

Ó fi orí igi ìṣáná kán ọ̀dà náà sójú díẹ̀ nínú ibi tí ẹyẹ ṣá, ó sì wa ọkọ̀ jáde sínú oòrùn kí Garth lè rí i kí ó sì tẹ́.

Garth kò tíì kọjá ojú ọ̀nà tó fi bú sẹ́rìn-ín. "Verna, ṣé ìgbóná olóde ló ń ṣe é ni?"

Verna yí ojú padà. Gbogbo ibi tó kán ọ̀dà sí funfun bí eérú. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo igi, ó fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. Abẹ́ ewé ló ti pò ó! Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ igi ti rẹ ohun gbogbo láró ewé, ó ti yá ọ̀dà rẹ̀ ní àwọ̀ tí kò ní.

"Mọ́ńdè o," ni Garth ń kọ lórin. "Kadina o, Mọ́ńdè o."

Verna nu ọ̀dà náà kúrò kí ó tó gbẹ, ó gbé àga, ó gbé agolo, ó sì lọ jókòó sí àárín títì, níbi tí òjìji kankan kò dé. Ó wa ọkọ̀ náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Àwọn awakọ̀ ń yà fún un. Ẹnìkan fun fèrè.

"Ìyá, ṣé títì lẹ rà ni?"

"Mo yá a ni! Gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, má fi eruku bà mí lọ́dà jẹ́!"

Àwọ̀ ewé díẹ̀ sí i. Pupa díẹ̀, àwọ̀ iyanrìn tó ń bẹ lára ohun gbogbo ní Moonta, tí ó ti wọ ọ̀dà Bàbá láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò sì jáde mọ́. Ìyẹn ló sọnù! Bó ṣe kán an tó gbẹ, Verna dìde lórí àga, ó tún jókòó, ó tún dìde. Ó ń rẹ́rìn-ín nìkan láàárín títì. Ó fi igi ìṣáná kán an, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, kò fà á rí, ó ń kán an ni. Nígbà tó gbẹ pátápátá lọ́jọ́ kejì, ó fi ọṣẹ ìfọyín pa á rọra, nítorí ọ̀dà Bàbá kò dán mọ́, ohun tó bá sì dán jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tú ara rẹ̀ fó.

Àárọ̀ Sunday mọ́ gaara. Garth wọ fìlà àjọ̀dún, ó fi aṣọ ìnujú nu awò ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mísìs Oates dúró bí adájọ́, pásítì nínú àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Verna kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú.

Garth wò ó lókèèrè. Ó wò ó nítòsí. Ó bẹ̀rẹ̀, eékún rẹ̀ dún. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

"Ìka ni o, kì í ṣe imú," ni Verna wí.

"Dákẹ́. Ọkọ̀ ń bọ̀ láti òkun." Ó dìde, ó padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka síbì kan nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí àwọ̀ ti jinlẹ̀ díẹ̀ ju ti ìyókù lọ. "Òun rèé! Ó ṣókùnkùn jù. Mo mú ọ, ọmọdé!"

Verna tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ní igun mélòó, Garth?"

Garth tún wò ó. Ó rí i pé kì í ṣe ibi tí ẹyẹ ṣá. Ó rí yíká rẹ̀, ó mọ́ róbótó bí owó ẹyọ, níbi tí nǹkan kan ti bo ọ̀dà fún oòrùn nígbà kan.

"Sítíkà eré ṣọ́ọ̀ṣì," ni ó sọ wẹ́lẹ́.

"Tí Bàbá lẹ̀ mọ́ ọn. Tí ta ló ya kúrò?"

"Èmi."

"Tí ta ló jẹ ìgbátí?"

Mísìs Oates rẹ́rìn-ín títí àwo fi ń mì. Garth wólẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án.

"Ó dáa, mo gbà. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n fi ẹyọ kan hàn mí. Ẹyọ kan péré. Verna!"

Verna mú pásítì tó ní lẹ́tà G nígun nínú àwo, ó gé e jẹ láti igun náà, ó sì gba ojú ọ̀nà pápá lọ, síbi tí àwọn ọkọ̀ ìyókù ti ń fun fèrè.