Ọdún Tí A Kó Lọ sí Ọ̀nà Àlàpọ́tì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ni Bàámi kó wa kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé ní Agége lọ sí ọ̀nà Àlàpọ́tì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé ìgbà yẹn, tí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì ń dìde káàkiri Ọ̀tà, tí ọkọ̀ tó ń kó yanrìn kì í jẹ́ kí eruku ó sinmi. Bíríkìlà ni Bàámi. Yunifásítì kan tí wọ́n ń kọ́ nítòsí Ìyànà Ìyẹsí ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ẹni tó ń kọ́lé fún ẹlòmíràn yẹ kó ní tirẹ̀.

Yàrá méjì ni ilé tá a kó sí. A ò tí ì rẹ́ ẹ, ọ̀rá la fi dí ojú fèrèsé. Bí òjò bá ń rọ̀, ariwo páànù kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa. Bí Màámi bá ń ráhùn, Bàámi á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Màámi, tó wà nínú oyún nígbà náà, á dáhùn pé ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ò lóyún sínú ni.

Omi ni olórí ìyà wa. Odò wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ìrìn rẹ̀ sì jìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi àti Màámi ń lọ kí n tó lọ sílé ìwé, ẹ̀ẹ̀kan sí i bí mo bá dé. Mo ṣì rántí bí òṣùká ewé ògẹ̀dẹ̀ ṣe ń tutù lágbárí mi, tí omi á máa kán sí mi lọ́rùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ká tu koríko ìdí ẹ̀gẹ́, kí n gbálẹ̀, kí n wẹ Tósìn, àbúrò mi, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ẹ̀bà la máa ń jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí ẹja ṣáwá kan ń dá lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ní kíláàsì, mo máa ń sùn lórí tábìlì títí tíṣà fi sọ mí ní Ìyá Àgbà.

Ilé kan ṣoṣo tó sún mọ́ wa ni ilé Ìyá Rúkà, Mùsùlùmí, ọmọ bíbí Ọ̀tà, tó ń ṣe gàrí tà. Rúkà ọmọ rẹ̀ lọ̀rẹ́ mi. Orí òkìtì yanrìn kan lẹ́bàá ọ̀nà la ti ń ṣeré, a ó gùn ún, a ó fò wálẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ti odò bọ̀, mo gbé korobá mi kalẹ̀ pé kí n fò lẹ́ẹ̀kan péré. Kí n tó gbọn yanrìn kúrò lára, ewúrẹ́ ti ti korobá ṣubú, ilẹ̀ sì ti fa omi mu.

Omi yẹn ni Màámi ń dúró dè láti fi dáná. Òun náà ti lọ sódò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe gbé korobá òfìfo wọlé, n ò dúró kó sọ̀rọ̀; mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè, mo dijú, mo ń retí pàṣán. Mo retí títí. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Màámi jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n wú bí ìrọ̀rí.

"Dìde, Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹni tó lè na ọmọ."

Mo ti jẹgba rí, kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo sáré lọ pe Ìyá Rúkà. Ó gbé omi tirẹ̀ wá, ó bá wa dáná, ó sì jókòó ti Màámi títí Bàámi fi ti ibi iṣẹ́ dé. Bàámi ò tí ì bọ́ bàtà tí Ìyá Rúkà ti kò ó lójú.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ ó máa kọ́lé fáyé, kí ìyàwó yín wá bímọ sójú ọ̀nà odò ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá wa. Mo gbẹ́ kànga lẹ́yìnkùlé, yangí ni mo kàn."

"Ta lẹ bi kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ? Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ògẹ̀dẹ̀ yẹn, ni kẹ́ ẹ gbẹ́. Omi ò jìn níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Màámi di ẹrù díẹ̀, ó fa Tósìn lọ́wọ́, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ ní Ìlaròó. Ó ní òun fẹ́ lọ bímọ. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa padà, ó ní kí n tọ́jú bàbá mi.

Bàámi ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó lọ sẹ́bàá ògẹ̀dẹ̀ tí Ìyá Rúkà sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga mìíràn. Ọkọ Ìyá Rúkà ń fi okùn fa erùpẹ̀ sókè. Èmi àti Rúkà ń rù ú dànù bá a bá ti ilé ìwé dé. Ẹ̀bà tí Bàámi ń tẹ̀ nígbà náà, kókó inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀bà fúnra rẹ̀ lọ, a kàn ń gbé e mì ni. Mo máa ń yọjú wo orí rẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń kéré sí i lójoojúmọ́, mo sì ń rò ó pé bí kò bá kan omi, a ò ní rí Màámi mọ́.

Lọ́jọ́ kọkànlá, erùpẹ̀ tó gòkè wá tutù. Bàámi ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ó ti dé o!" Mo rò pé yóò jó bó bá jáde. Kò jó. Ó fẹ̀yìn ti òkìtì erùpẹ̀ nínú oòrùn, ó sùn lọ pẹ̀lú amọ̀ lára.

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, fọ́máànù ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ kéékèèké tó ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó wá sí àdúgbò ló fi ń bọ́ wa. Màámi dé lóṣù kejì, ó pọn ọmọbìnrin kan sẹ́yìn. Kò kí wa tán tó fi lọ sídìí kànga. Ó fa omi, ó bù ú sójú. Lẹ́yìn náà ló bi wá pé ta ló ba ìkòkò òun jẹ́ báyìí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti dé lóòótọ́.

Lónìí, ẹ̀gẹ́ ti tán lágbègbè wa. Ilé ló kù, ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà, ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ mi ń yí ẹ̀rọ, omi ń tú jáde, wọn ò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà wọn. Èmi náà ò ru omi mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìgbà mìíràn wà tí n kì í lè bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó sùn lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi àwọn òbí mi bóyá ibí yìí tó ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ ìyà tó bẹ́ẹ̀. Bàámi ní ó tó, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó yọ òkúta kan sọnù.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Ó rẹ̀ mí nígbà yẹn débi pé n ò ráyè bi ara mi."